Ohun Tí Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Mu

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ọwọ́ mi kò mọ kálámù dáadáa. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jókòó sílé ìwé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ọ̀fà, kí wọ́n tó ní kí n padà sí Ìlọrin wá máa tọ́jú ìyá bàbá mi. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n kọ kò ju lẹ́tà ẹ-kú-ilé, ṣé-dáadáa-ni lọ. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Ṣùgbọ́n bí ojú ènìyàn méjì bá ti wà lára mi, ọ̀rọ̀ a máa pòórá lẹ́nu mi. Ìwé kò ní ojú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan wà lára ògiri ìsọ̀ bàbá mi tó máa ń mí.

Ilé wa kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Páànù àti bàbà ni bàbá mi ń rọ. Ó ń ṣe búta tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, ó ń ṣe fìtílà, ó ń di ìdí garawa. Lẹ́yìn ibi tí ó máa ń jókòó sí, rédíétọ̀ ọkọ̀ kan wà tí ó fi ìṣó kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn dírẹ́bà ṣe ń pè é. Àpótí bàbà ni, iwájú ọkọ̀ ló máa ń wà, inú rẹ̀ ni omi ń gbà kọjá kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Ojú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ láti òkè wá, afẹ́fẹ́ a máa gba inú àwọn ihò kéékèèké yẹn kọjá, rédíétọ̀ náà a sì máa súfèé. Kì í ṣe súfèé ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ó dà bí ẹni tí nǹkan ń dùn, tó wá fi eyín pa eyín, tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀.

Tí wọ́n bá ti kírun àsárì tán, kò sí obìnrin ilé wa tó ń fẹ́ gba iwájú ìsọ̀ náà kọjá. Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Èmi kì í bá wọn sọ ọ́. Mo mọ ẹni tó ń mí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń mí nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, òun ni àkọ́bí bàbá mi. Dírẹ́bà ni. Ó ń wa ọkọ̀ fún òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀. Ọkọ̀ ẹni tó ń wọn ilẹ̀ kì í sì í tọ ojú ọ̀nà, nítorí ibi tí ọ̀nà kò tíì dé ni wọ́n rán an lọ. Inú ìgbẹ́ ni, inú odò tó gbẹ ni, orí àpáta ni. Kí wọ́n tó rìn jìnnà kọjá Òkè-Oyì, omi inú ọkọ̀ á ti máa hó kùtùkùtù bí ìkòkò ẹ̀kọ. Wọ́n á dúró, wọ́n á dúró títí, wọ́n á tún bu omi mìíràn sí i. Òyìnbó náà á bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ló sì máa ń bínú sí.

Ní ọjọ́ kan ó wa ọkọ̀ náà wá síwájú ilé wa.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí ń mu omi ju ràkúnmí lọ."

Bàbá mi yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì. "Ràkúnmí kì í mu omi lójoojúmọ́. Ìwọ tí o kò sin ràkúnmí rí, o wá ń parọ́ mọ́ ọn."

"Ẹ sáà bá mi wò ó."

"Ṣé òyìnbó rẹ gbà kí n fọwọ́ kàn án?"

"Ó gbà. Ó ní bó bá bàjẹ́, ọrùn mi ni."

Bàbá mi wo ọrùn rẹ̀. "Ọrùn tín-ín-rín báyìí? Kò lè sanwó ọkọ̀."

A rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn ẹ̀rín pọ̀ nínú ilé wa.

Bàbá mi rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà kíákíá. Ó ní ilẹ̀ tútù ni wọ́n ti ṣe é, ojú ọ̀nà tó dán ni wọ́n sì ṣe é fún, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa lù ú níwájú. Nínú igbó, ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ṣe wàhálà, afẹ́fẹ́ kò sí. Èso koríko á tún wá wọ ojú rédíétọ̀, á dí i pa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é. Èmi ni mo ń bá a di irin mú. Kò pe ẹlòmíràn. Ó ní, "Ọwọ́ tí kì í sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó tú rédíétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ti kú, ó yọ àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú rẹ̀, ó fi kún ti ọkọ̀ yìí títí ó fi nípọn ní ìlọ́po méjì. Ó fi bàbà ṣe àgbá kékeré sí orí rẹ̀ kí omi lè pọ̀ sí i. Ó fi wáyà hun asẹ́ síwájú rẹ̀ nítorí èso koríko. Ó tẹ páànù yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ká, kí atẹ́gùn tí abẹ̀bẹ̀ ń fà má baà sá gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Èyí tó wá jẹ́ kí ẹnu ya ẹ̀gbọ́n mi ni pé ó fa ọ̀pá kan láti ẹnu rédíétọ̀ lọ sínú agolo kan. Omi tí ọkọ̀ bá pọ̀ jáde nítorí ooru, inú agolo ni yóò bọ́ sí. Bí ara ọkọ̀ bá tutù, á tún fà á mu padà.

"Ẹ̀kán kan kò gbọdọ̀ ṣòfò," ni bàbá mi wí.

Nígbà tó fi òjé jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ó fi ẹfun pa ojú ibi tó jó, ó rọ omi kún inú rẹ̀. Bí ibì kan bá ń jò, ẹfun á ṣókùnkùn níbẹ̀. A jókòó tì í láti ìyálẹ̀ta títí di ìrun àìlà. Ẹfun náà funfun báláú.

Ọkọ̀ lọ sínú igbó, ó bọ̀, kò hó. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé, kò kí ẹnì kankan, ó lọ tààrà lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú bàbá mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Bàbá, ọwọ́ yín! Ọwọ́ yín yìí!"

Inú ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, kò balẹ̀. Ó ní ohun tí ayé bá ti ń yìn báyìí, ojú ni wọ́n fi ń pa á. Ó rán mi sí àáfà tó wà lẹ́yìn ilé wa kí n lọ gba hàntú wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí kò bá dàgbà nílùú wa lè má mọ̀ ọ́n. Àáfà á fi tàdáà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára pátákó wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́, omi dúdú náà ni à ń mu. Tàdáà yẹn, oje igi ni wọ́n fi ń ṣe é kó lè lẹ̀ mọ́ wàláà. Àáfà da oyin sí i, oyin tó pọ̀, kó má baà korò lẹ́nu. Igbá kan lójúmọ́, fún ọjọ́ méje.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, òyìnbó náà jókòó nílé pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń kó ẹrù lọ sí àgọ́ wọn ní ẹ̀bá Òkè-Oyì ni, ó sì ń dá ọkọ̀ padà síwájú ilé wa lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀ kìíní mo kúnlẹ̀, mo gbé igbá náà fún un. Ó ń fi àkísà nu ojú ọkọ̀. Ó yọ ojú sí inú igbá, ó fa imú pọ̀.

"Gbogbo èyí? Kì í ṣe èmi ni òùngbẹ ń gbẹ. Ọkọ̀ ni kó mu ún!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ mú fìlà rẹ̀.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà láti inú ilé: "Ṣé ó ti mu ún?" Ká ní ẹlòmíràn ni, ì bá sáré tẹ̀ lé e wọlé, ì bá bá a jà, ì bá pe àwọn àgbà. Èmi kò lè bá ènìyàn jiyàn. Ẹ sì wò ó, lójú mi nígbà náà ọ̀rọ̀ tó sọ kò burú. Ọkọ̀ ló ń gbé e lọ, ọkọ̀ ló ń gbé e bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá wà nínú ọkọ̀, ṣé kò wà lára ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni? Mo dìde, mo ṣí ìdérí rédíétọ̀, mo pe Bísímílà, mo da gbogbo rẹ̀ sínú.

"Ó ti mu ún, ìyá àgbà."

Òwúrọ̀ méje ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀. Ó rò pé mo ń dà á nù.

Ní ọjọ́ kẹjọ ó gbé òyìnbó lọ sínú igbó jíjìn. Ní ọjọ́ kẹwàá, lẹ́yìn ìrun àìlà, àwọn aláàárù mẹ́rin fi àga gbígbé gbé ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi òróró pa bo ojú rẹ̀. Ó ń fa afẹ́fẹ́ láàárín eyín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kì í sì í ṣe bàbá mi ló sọ ọ́ fún. Ó ní òun gbóòórùn ooru ẹ́ńjìnnì. Tẹ́lẹ̀ rí, bí òun bá gbóòórùn bẹ́ẹ̀, òun á jókòó sábẹ́ igi títí ara ọkọ̀ yóò fi tutù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá ti tún un ṣe, kò hó rí, kò sì sí èéfín kankan níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Ọwọ́ Bàbá ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tí mo fi ṣí ìdérí rẹ̀." Omi náà fò jáde bá a lójú. Ó rí igi kan, ó rí òyìnbó tó ń sáré bọ̀, kò sì rí nǹkan mìíràn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Òyìnbó ní kí wọ́n fi rédíétọ̀ mìíràn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó dá ti bàbá mi padà. Ọkùnrin tó gbé e wá sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Wọ́n ní òjé yín ló yọ́ tó lọ dí ọ̀nà omi." Bàbá mi gbé e wọ ìsọ̀. Kò tú u wò. Ó kan ìṣó mọ́ ògiri, ó gbé e kọ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní, "Kí n máa rí i."

Láti ìgbà náà ẹ̀gbọ́n mi kò pe bàbá mi ní Bàbá mọ́. Bí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́: "Ẹ bá mi sọ fún ẹni yẹn." Ìloro ló máa ń jókòó sí, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Bàbá mi wá dẹ́kun àtirọ ohun tó bá ní í ṣe pẹ̀lú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà ó dẹ́kun búta. Fìtílà nìkan ló kù.

Èmi ńkọ́? Mo kọ́kọ́ dákẹ́ nítorí ìtìjú. Mo ní kí ojú ẹ̀gbọ́n mi jinná ná. Ojú náà jinná, kò là. Mo wá dákẹ́ nítorí ẹ̀rù. Ìyá àgbà ṣàìsàn, ó kú, ohun tó sì sọ fún mi kẹ́yìn ni pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ hàntú yẹn. Òun ni kò jẹ́ kó kú." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà." Báwo ni mo ṣe fẹ́ tún la ẹnu lẹ́yìn ìyẹn?

N kò mọ̀ dájú pé èmi ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó lè jẹ́ òjé lóòótọ́. Mo máa ń gbà á ládùúrà pé kó jẹ́ òjé, lẹ́yìn náà mo máa ń tọrọ àforíjì, nítorí bàbá mi ni mo ń gbàdúrà takò.

Ohun tó ń bá mi jà jù ni èèrà. Oṣù kìíní tí rédíétọ̀ náà dé ara ògiri, mo wọ ìsọ̀ lọ gbálẹ̀ ní òwúrọ̀, mo rí wọn. Wọ́n tò láti ẹsẹ̀ ògiri lọ sókè, wọ́n ń wọ ẹnu ọ̀pá ìsàlẹ̀, wọ́n ń jáde. Èèrà kì í jẹ irin. Mo fi eérú gbá wọn dànù kí bàbá mi tó dé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún wá. Ọyẹ́ méjì kọjá, kò sí òwúrọ̀ tí n kò jí ṣáájú bàbá mi láti wá pa èèrà. Nígbà mìíràn wọn kì í sí níbẹ̀, èmi a ṣì bu eérú dání. Rédíétọ̀ náà á máa mí lókè orí mi. Mo máa ń sọ fún un pé kó dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ tí bàbá mi wí lẹ́yìn mi pé, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní kò sí.

Ó pẹ́ kí ó tó lọ kúrò lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ yí padà, dírẹ́bà kan tó ń kó ẹ̀pà wá bá bàbá mi. Ó ti gbọ́ nípa agolo tó ń fa omi padà. Ó bẹ̀ ẹ́ kó ṣe irú rẹ̀ fún òun, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ní òun kò ṣe é mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ohùn sókè láti ìloro. "Ẹ ní kí àlejò yẹn wá síbí. Kó wá wo ojú mi ná. Bó bá wò ó tán tó ṣì fẹ́, ẹ bá a ṣe é."

Dírẹ́bà náà wò ó. Ó wọ bàtà rẹ̀, kò dágbére.

Bàbá mi wọ ìsọ̀. Mo gbọ́ ìró irin. Nígbà tí mo yọjú, ó ti ń kó òòlù, ẹ̀mú, àti àwọn irin tó fi ń jó òjé sínú àpò. Ó so ẹnu àpò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

"Lọ́la, tí mo bá ti ìrun àsùbáà dé, màá gbé e lọ fún àwọn alágbẹ̀dẹ Ọjà-Ọba," ló wí. "Ọwọ́ tó fọ́ ọmọ rẹ̀ lójú kò tún yẹ kó di òòlù mú. Nǹkan yẹn tó wà lára ògiri, ìwọ bá mi sọ ọ́ sí ààtàn."

Mo la ẹnu. Ó ń wò mí. Mo pa á dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí bàbá mi gbé búta rẹ̀, tó jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo dìde. Mo tú ẹnu àpò náà, so àkọ́kọ́, so kejì, so kẹta. Mo kó èédú sí ààrò ìsọ̀, mo fín ẹwìrì. Mo gbé rédíétọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ kúrò lára ògiri, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi bí a ti ń gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn. Mo fi irin gbígbóná lé ojú ibi tí bàbá mi ti jó ìdí rẹ̀ pọ̀. Kò yọ́. Mo tún mú irin náà gbóná lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà. Ní gbogbo àyíká, òjé bàbá mi dúró gbọn-in níbi tó fi í sí. Kò sí èyí tó rìn.

Mo ṣí ìdí rẹ̀. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín náà, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, dí pa. Ohun dúdú kan ló wà nínú wọn, ó ń dán bí ojú èèkánná. Mo fi irin kan án. Òórùn rẹ̀ dìde.

Ọ̀pá ẹ̀gbọ́n mi ń kan ògiri bọ̀. Ìró ẹwìrì ló gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá?"

Ọdún méjì nìyẹn.

"Èmi ni," ni mo wí. Mo fà á lọ́wọ́ wọlé, mo mú un jókòó, mo fi ìka rẹ̀ kan ibi tó dúdú náà. Ó fi ìka ọ̀hún sí imú.

"Oyin," ló wí. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ relẹ̀: "Tàdáà."

"Ẹ ní ọkọ̀ ni kó mu ún, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo fún un. Òwúrọ̀ méje. Òjé Bàbá kò yọ́ níbì kankan, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó fi ọwọ́ tọ ojú òjé náà yí po, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kàwé. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, búta rẹ̀ lọ́wọ́. N kò mọ ìgbà tó ti dé.

Ojú mẹ́rin ì bá wà lára mi, ṣùgbọ́n méjì ni, ti bàbá mi nìkan. Mo na ọwọ́ sí àpò náà, mo yọ òòlù jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀mú, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn irin, mo sì tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan padà sí àyè wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá mi.